Ẹ Jẹ́ Kí Adìẹ Bọ́ Ọgbà, Kí Ọgbà Bọ́ Adìẹ

Ta ni nínú wa tí kì í mí kanlẹ̀ bí ó bá ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ìdì ẹ̀fọ́ àti ẹyin mélòó kan? Síbẹ̀, ilẹ̀ kékeré wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa tí koríko nìkan ń hù sí. Adìẹ díẹ̀ àti ebè ẹ̀fọ́ 3 lè sọ ilẹ̀ náà di àká oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí adìẹ bẹ̀rẹ̀. Àgbébọ̀ 4 àti àkùkọ 1 tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ilé wọn ga nílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2, kí atẹ́gùn máa wọ inú rẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì lálẹ́ nítorí ejò àti olè. Ẹ máa fi àgbàdo, eèrí ògì àti ewé ẹ̀fọ́ tí ó ti gbó bọ́ wọn, kí omi mímọ́ má sì wọ́n wọn. Ẹ sá èèpo ẹyin gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ wọn, kí èèpo ẹyin tí wọn yóò yé lè le dáadáa.

Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ a máa yé ẹyin bíi 10 kí ó tó sàba, ọjọ́ 21 ni ó sì fi ń sàba kí ó tó pa. Bí ẹ bá ń kó ẹyin jẹ, ẹ máa fi ẹyọ 1 sílẹ̀ nínú ìtẹ́, kí adìẹ má baà kọ ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀tá adìẹ ni àrùn lúkúlúkú, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Ó lè pa gbogbo wọn tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn tí ń wò ó, ṣùgbọ́n àjẹsára rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ẹ tètè lọ bá dókítà ẹran kí ọyẹ́ tó dé. Adìẹ tí ó bá sì kú fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe sè é. Ẹ sin ín, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Ó kan ọgbà ẹ̀fọ́. Kí ebè má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí i. Ní bí ọ̀sẹ̀ 4, tẹ̀tẹ̀ ti tó jẹ. Ẹ má fà á tu. Ẹ gé e, yóò tún rúwé. Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sí ebè ní tútù, nítorí a máa jó gbòǹgbò, a sì máa gbé àrùn sára ewé. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, kí ẹ máa yí i fún oṣù 2 sí 3, títí yóò fi dúdú bí ilẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Ẹ fi ọparun tàbí wáyà ṣọgbà yí ebè ká o! Láìsí ìyẹn, adìẹ yóò tan ẹ̀fọ́ dànù, ẹ̀yin yóò máa fi òkò lé adìẹ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni ti ẹyin. Àwọn àgbà kan ṣì gbà pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè. Ẹyin ń mú ara àti ọpọlọ rẹ̀ dàgbà ni. Bí ọmọ bá ti pé oṣù 6, ẹ lè fi ẹyin tí ó jinná dáadáa, tí ẹ ti rún, kún ọmú tí ó ń mu. Bí ìyá ọkọ yín bá kọminú, ẹ má gbó o lẹ́nu. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ará ìlera ni wọ́n ní kí n fún un, kí ọmọ yín lè lágbára." Nígbà tí ó bá rí i tí ọmọ ń tàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bèèrè bóyá adìẹ ti yé.

Ẹ lè ta èyí tí ó bá ṣẹ́kù, kí owó ọbẹ̀ lè rọ̀ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ kọ́kọ́ wo àwo ọmọ.