Ṣé O Mọ̀? Igbó, Ọpọlọ Ọ̀dọ́langba àti Ohun Tó Ń Wu Ọkàn

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rù pé igbó yóò ya ọmọ àwọn ní wèrè. Ẹ̀rù náà nídìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í tètè hàn sójú: kí ni igbó ń ṣe sí apá ọpọlọ tó ń mú kí nǹkan rere máa wu ọmọ?

Ṣé o mọ̀ pé eku ni wọ́n fi rí apá ọpọlọ náà? Ní 1954, James Olds àti Peter Milner ní Yunifásítì McGill ní Kánádà ti wáyà tín-ínrín bọ inú ọpọlọ àwọn eku. Bí eku bá ti tẹ ọ̀pá kékeré kan, iná mànàmáná díẹ̀ á kan ibẹ̀. Làwọn eku bá ń tẹ ọ̀pá yìí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan, tí kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwa ènìyàn náà ní apá ọpọlọ yìí? Ojúkò kan tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni nucleus accumbens, ó sì wà nísàlẹ̀ inú ọpọlọ lọ́tùn-ún lósì. Oúnjẹ aládùn, owó, oríyìn, orin: gbogbo wọn ló ń ta á jí.

Ṣé o mọ̀ pé dópámíìnì, kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í dúró dìgbà tí adùn bá kan ẹnu? Wolfram Schultz wo sẹ́ẹ̀lì dópámíìnì nínú ọpọlọ àwọn ọ̀bọ. Níbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí omi èso bá dé ẹnu ọ̀bọ ni sẹ́ẹ̀lì náà ń ta kìjí. Nígbà tí ọ̀bọ mọ̀ pé àmì kan máa ń ṣáájú omi èso, àmì yẹn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìjí sí. Ìfojúsọ́nà nìyẹn. Òun ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ìwé lónìí nítorí èsì WAEC tí kò ní í jáde títí di oṣù Kẹjọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1964 ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, yọ THC sọ́tọ̀, ìyẹn èròjà inú igbó tó ń yí ènìyàn lójú? Ọwọ́ ọlọ́pàá ni Mechoulam ti gba kílò 5 haṣíìṣì, oje igbó tó ti dì, tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì èrò ló gbé e wọ̀ padà sí ilé ìwádìí.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọlọ ní ojúkò tí THC ń lẹ̀ mọ́? Allyn Howlett àti William Devane fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 1988 ní Yunifásítì Saint Louis ní Amẹ́ríkà. CB1 là ń pe ojúkò náà lónìí. Kì í ṣe nítorí igbó ló fi wà níbẹ̀: ní 1992, Devane, Mechoulam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí anandamide, èyí tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀ láti fi bá CB1 sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ ohun tó ya anandamide àti THC sọ́tọ̀? Bí anandamide bá ti jíṣẹ́ tán, ara á tètè fọ́ ọ túútúú. THC ní tirẹ̀ dà bí àlejò tó jókòó sórí àga onílé, tí kò ronú àtilọ.

Ṣé o mọ̀ bí THC ṣe ń mú kí dópámíìnì pọ̀ sí i? Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa dá sẹ́ẹ̀lì dópámíìnì lẹ́kun. CB1 wà lára wọn. Bí THC bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu wọn á wọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì dópámíìnì á sì máa ṣe bó ṣe wù ú.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí ọjọ́ orí fi ṣe kókó? Nígbà ọ̀dọ́langba, apá ọpọlọ tí nǹkan ń wù máa ń yára ta kìjí gan-an. Apá iwájú orí, tó ń ro àròjinlẹ̀ tó sì ń kóra ẹni níjàánu, kì í gbó tán títí ènìyàn fi lé ní ọmọ ọdún 20 dáadáa. CB1 sì wà lára ohun tó ń tò ó. Ọ̀dọ́ ṣì ń kọ́ ohun tó yẹ kó máa wù ú. Àsìkò ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni igbó ń bọ́ sí.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo bí owó ṣe ń wu àwọn tó ń mugbó? Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, Meghan Martz, Mary Heitzeg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ lé ọ̀dọ́ 108 fún ọdún 4, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 20. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé wọn sínú ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ. Àmì kan á yọ, á sọ fún wọn pé owó wà níwájú. Wọ́n á dúró. Àmì kejì á kọ mànà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kó tó pòórá. Ìgbà ìdúró yẹn, tí owó kò tíì dé, ni àwọn olùwádìí ń wo nucleus accumbens. Èsì wọn jáde ní 2016: bí igbó tí ẹnì kan ń mu bá ṣe pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ojúkò náà ṣe ń falẹ̀ sí owó nígbà tí wọ́n bá tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà.

Ṣé o mọ̀ pé lójú ẹsẹ̀ náà, igbó lè mú iṣẹ́ súni? Ní University College London, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn 17 fi ọmọńdinrín tẹ bọ́tìnì: ìgbà 30 fún ìdajì pọ́n-ùn, tàbí ìgbà 100 fún owó tó lè tó pọ́n-ùn 2. Nígbà tí THC wà lára wọn, wọn kì í fẹ́ yan iṣẹ́ tó le náà tó ti ìgbà tí kò sí.

Ṣé o mọ̀ pé ìwádìí kò tíì fẹnu kò tán? Ní 2022, àwọn olùwádìí láti Cambridge àti Lọ́ńdọ̀nù yẹ ènìyàn 274 wò, ọmọ ọdún 16 sí 17 àti àgbàlagbà. Wọn kò rí i pé àwọn tó ń mugbó ya ọ̀lẹ ju àwọn tí kò mu ún lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ yìí fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè gba ìyókù gbọ́ lẹ́nu wa. Iye tí ènìyàn ń mu, iye ọdún tó ti ń mu ún àti ọjọ́ orí tó fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní ohun tó ń sọ.

Ṣé o mọ̀ pé igbó òde òní le ju ti àná lọ? Nínú èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé, THC jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ní 1995. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti di nǹkan bí 12.

Ṣé o mọ̀ pé nínú àwọn tó bá tọ́ igbó wò, ó máa ń di bárakú fún nǹkan bí 9 nínú 100? Fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ́langba, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 6 ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣé o mọ̀ bí ó ti rí ní Nàìjíríà? Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe ní 2018 rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan. Nǹkan bí ọmọ ọdún 19 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iwájú orí kò tíì gbó.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọlọ ń bọ̀ sípò? Bí ènìyàn bá ń mugbó lójoojúmọ́, CB1 rẹ̀ máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn tó yàwòrán ọpọlọ rí i pé láàárín ọjọ́ 2 tí ènìyàn bá ti jáwọ́, ó ti ń padà; nígbà tó bá fi di ọjọ́ 28, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín rẹ̀ àti ẹni tí kì í mugbó.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń nira jù? Oorun á dá, inú á máa bí ọmọ, oúnjẹ kò ní í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Kì í ṣe agídí, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é. Ara ló ń wá ohun tó ti mọ́ ọn lára.

Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá sọ pé òun fẹ́ jáwọ́, má fi èébú pàdé rẹ̀. Mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú ọpọlọ láti 1954. Fún un ní iṣẹ́ kékeré tí yóò rí èrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà: bọ́ọ̀lù gbígbá, orin, oko, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yìn ín nígbà tó bá ṣe é. Dúró tì í fún oṣù kan gbáko, torí oṣù yẹn ni ọpọlọ rẹ̀ ń fi tún ara rẹ̀ ṣe.