Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kámẹ́rà DSLR Àkọ́kọ́ Yín Ya Ọkọ̀ Yín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ra kámẹ́rà gidi fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ tó wà níwájú ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yà. Ọkọ̀ kì í mira, kì í sì í sú u láti dúró. Síbẹ̀, fọ́tò tó bá jáde kì í sábà jọ ohun tí wọ́n fojú rí: ọkọ̀ dúdú á di aláwọ̀ eérú, bọ́nẹ́ẹ̀tì á tàn yòò ní ojú kan, ògiri aládùúgbò á hàn lára ilẹ̀kùn. Ohun kan ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀: ara ọkọ̀ jẹ́ dígí. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló máa ń gbé jáde. Bí ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, tí ẹ sì mọ iṣẹ́ bọ́tìnì mẹ́ta-mẹ́rin lára kámẹ́rà yín, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú kámẹ́rà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́ǹsì kámẹ́rà DSLR, dígí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé dagun. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú lẹ́ǹsì wọlé, á bá dígí yìí, dígí á sì darí rẹ̀ sókè sí fèrèsé kékeré tí ẹ ń gbé ojú sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí lẹ́ǹsì ń rí gan-an lẹ̀ ń rí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí náà á fò sókè, ìlẹ̀kùn kan á ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sórí sensor. Sensor yìí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ di àwòrán. Awo agbàmọ́lẹ̀ la ó máa pè é.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kodak gbé irú kámẹ́rà yìí jáde fún títà ní 1991, owó rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń rà á. Ọdún 2003 ni Canon gbé EOS 300D jáde ní iye tí kò tó 1,000 dọ́là, tó sì dé ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ fọ́tò. Lónìí, tòkunbọ̀ Canon EOS 1300D tàbí Nikon D3200 tó ohun tí a fẹ́ ṣe, ó sì tún ṣẹ́kù.

Ẹ wo ara lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà yín wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 18-55mm níbẹ̀. Bí ẹ bá yí i sí 18, ibi púpọ̀ á wọ inú àwòrán. Bí ẹ bá yí i sí 55, ohun tó jìnnà á sún mọ́ yín. Fún odindi ọkọ̀, ẹ yí i sí 50 tàbí 55, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín rìn sẹ́yìn títí gbogbo ọkọ̀ á fi wọlé. Bí ọkọ̀ yín bá tó Toyota Corolla, tí ẹ sì fẹ́ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó nílò nǹkan bíi mítà 12. Ẹni tó bá dúró nítòsí, tó lo 18, á rí i pé iná iwájú tó wà lọ́dọ̀ òun wú, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì súnkì. Ìsúnmọ́ ló ń fa ìyẹn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán yín ṣe máa pọ̀ tó. Èkíní ni aperture, ìyẹn ihò lẹ́ǹsì. Nọ́ńbà tó ní lẹ́tà f níwájú ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bíi f/4 tàbí f/8. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó, ìmọ́lẹ̀ á sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ihò tó tóbi kì í jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn ohun tí a ń yà hàn ketekete pa pọ̀. Fún odindi ọkọ̀, f/8 ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni àkókò ìlẹ̀kùn, ìyẹn bí ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó kó tó padé. Bí ẹ bá rí 1/125, ìdá kan nínú ìdá 125 ìṣẹ́jú àáyá ni. Bí ó bá ti falẹ̀ ju 1/60 lọ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀ lè ba àwòrán jẹ́, kó máa ṣe bàìbàì. Ẹ̀kẹta ni ISO, òun ló ń sọ bí kámẹ́rà ṣe máa fún ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lágbára tó. Ní ọ̀sán, ẹ fi sí 100. Bó bá ti lọ sókè jù, àmì tóótòòtó á máa hàn lójú àwòrán.

Ẹ kò ní láti ṣe ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ orí kámẹ́rà kúrò lórí Auto. Lára Canon, ẹ gbé e sí Av. Lára Nikon, ẹ gbé e sí A. Níbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó yan ihò lẹ́ǹsì àti ISO, kámẹ́rà á sì yan àkókò ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ẹ kàn máa wò ó kó má falẹ̀ ju 1/60 lọ. Bó bá falẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò máa ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìdí ọkọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ, torí omi tó gbẹ fúnra rẹ̀ máa ń fi àmì sílẹ̀ tí kámẹ́rà ń rí ju ojú lọ. Ẹ nu dígí láti inú àti láti ìta. Ẹ palẹ̀ ìwé àti ọ̀rá orí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́, torí wọ́n máa ń hàn lára dígí iwájú.

Àkókò tí ẹ máa yà á ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ. Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lókè orí wa tààrà. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì á máa tàn yòò, ilẹ̀kùn àti táyà á sì wà nínú òkùnkùn. Awo agbàmọ́lẹ̀ kò lè gba ìtànṣán àti òkùnkùn tó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ dúró di wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, tàbí kí ẹ jí yà á ní wákàtí kan lẹ́yìn tó bá yọ. Ní Èkó, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, ní gbogbo ọdún. Ilẹ̀ sì máa ń yá ṣú lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ ti gbé ọkọ̀ sí ààyè rẹ̀ kí àkókò náà tó dé.

Ìgbà ọyẹ́ tún ní oore tirẹ̀. Eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, òjìji á rọ̀, ara ọkọ̀ á sì gba ìmọ́lẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Kí ẹ ṣáà ní aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, torí eruku kì í pẹ́ bo ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ má sì ṣe yọ lẹ́ǹsì ní ìta nígbà náà. Bí eruku bá bà lé awo agbàmọ́lẹ̀, gbogbo àwòrán tí ẹ bá yà lẹ́yìn náà ni àmì dúdú á máa wà lójú rẹ̀.

Ẹ rántí pé dígí ni ara ọkọ̀. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká, kí ẹ wo ohun tó hàn lára ilẹ̀kùn àti bọ́ḿpà. Bí ẹ bá rí géètì, òpó iná, tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn, ohun tó máa wà nínú fọ́tò nìyẹn. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bíi pápá iléèwé lọ́jọ́ ìsinmi tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ. Ẹ yẹra fún àyíká bárékè àwọn ológun. Bákan náà, ẹ wọ aṣọ tó ṣú díẹ̀, torí ẹni tó wọ funfun tàbí pupa á rí ara rẹ̀ lójú ilẹ̀kùn.

Ohun èlò kan wà tó ń ṣèrànwọ́ níbí. CPL ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Dígí roboto ni, ẹ ó yí i mọ́ iwájú lẹ́ǹsì, yóò sì ṣì máa yí po níbẹ̀. Torí pé ó ń pa dídán, ẹ jẹ́ ká pè é ní dígí apadán. Bí ẹ ṣe ń yí i, ẹ ó rí i tí ìtànṣán ojú dígí iwájú ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀, tí inú ọkọ̀ sì ń hàn. Ibi tí ẹ bá ti wo ọkọ̀ ní ìdagun ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Kò lè pa dídán gbogbo apá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní agbára lórí irin tó dán gbinrin bíi ti ríìmù onífàdákà. Ó tún máa ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù, nítorí náà ẹ tún àkókò ìlẹ̀kùn wò. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo nọ́ńbà fífẹ̀ iwájú lẹ́ǹsì yín. Ti Canon 18-55 sábà máa ń jẹ́ 58mm.

Ó kan ibi tí ẹ máa dúró sí. Igun iwájú, níbi tí ẹ ti lè rí imú ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ló ń fi ìrísí ọkọ̀ hàn jù. Ẹ lóṣòó títí kámẹ́rà á fi dọ́gba pẹ̀lú iná iwájú. Ọkọ̀ tí a yà láti òkè máa ń kéré lójú. Ẹ yí sítíárì díẹ̀ kí iwájú táyà kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà, ojú ríìmù á wá kọjú sí yín dípò ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa kí òpó tàbí igi má baà dà bí ohun tó hù láti òrùlé.

Kámẹ́rà ní láti mọ ibi tí ẹ fẹ́ kó hàn kedere jù. Ẹ yan àmì kan ṣoṣo nínú fèrèsé, ẹ gbé e lé iná iwájú tó sún mọ́ yín, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì. Bó bá dún fíìn, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìdúró yín ṣe díẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ funfun tàbí dúdú, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kámẹ́rà máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ohun tó wà láyé jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ó dà bíi télọ̀ tó fi ìwọ̀n kan ṣoṣo rán aṣọ fún gbogbo ẹbí: ti ẹni àárín á bá a mu, ẹni tó sanra á há, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ á rì sínú tirẹ̀. Ọkọ̀ funfun tó kún inú àwòrán á ṣú, ọkọ̀ dúdú á di aláwọ̀ eérú. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ +/- sí, ẹ dì í mú, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ kékeré. Fún ọkọ̀ funfun, ẹ gbé e sí +1. Fún dúdú, sí -1. Ẹ ya ọ̀kan, ẹ wò ó, kí ẹ tún un ṣe díẹ̀ bó bá yẹ.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má tíì kó ẹrù. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ISO 100, f/8, ẹ tan iná kékeré ọkọ̀. Ìlẹ̀kùn lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí náà ẹ lo aago inú kámẹ́rà tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà, kí ọwọ́ yín má baà mì í.

Ẹ fi àwòrán pamọ́ bíi RAW àti JPEG pa pọ̀. RAW máa ń tọ́jú gbogbo ohun tí awo agbàmọ́lẹ̀ rí, ó sì fún yín láyè láti tún ìmọ́lẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ta ọkọ̀, ẹ bo nọ́ńbà ọkọ̀ náà kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ má bo ibi tó ti ha tàbí tó ti tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ẹ̀tọ́ láti rí i.

Ẹ má tíì náwó sórí lẹ́ǹsì mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ ya ọkọ̀ kan náà, níbì kan náà, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá tò wọ́n síwájú ara wọn. Ẹni tó bá ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ní àdúgbò rẹ̀, kámẹ́rà àkọ́kọ́ ti tó o.