Ìṣirò Tó Wà Lára Áyọ́ọ̀nù

Lára áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà, àkọlé kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà: 230V, 1000W. Fóltéèjì, tí wọ́n ń fi fóltì wọ̀n, ni agbára tó ń ti iná gba inú wáyà. Kọ́rẹ́ntì, tí wọ́n ń fi áḿpù wọ̀n, ni bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Ìdènà, tí wọ́n ń fi ọ́ọ̀mù wọ̀n, ni bí ọ̀nà tí iná ń gbà ṣe le tó. Wáàtì ni iye iṣẹ́ tí iná ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá mọ méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣírò méjì tó kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù náà. Tí a bá fi 230 pín 1000, áḿpù 4.35 ló máa jáde. Ìyẹn ni kọ́rẹ́ntì rẹ̀. Tí a bá tún fi 4.35 pín 230, a ó rí ìdènà rẹ̀: nǹkan bí ọ́ọ̀mù 53. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Georg Simon Ohm, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Erlangen ní ọdún 1789, ló rí òfin tó so fóltéèjì, kọ́rẹ́ntì àti ìdènà pọ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe àgádágodo ni bàbá rẹ̀. Tíṣà ni òun fúnra rẹ̀ ní Cologne. Bátìrì ayé ìgbà náà kò ṣeé gbára lé, agbára rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ohm wá so bàbà mọ́ irin mìíràn tó ń jẹ́ bismuth, ó ki ojú ìsopọ̀ kan sínú omi híhó, ó ki èkejì sínú yìnyín, ó sì fi bẹ́ẹ̀ rí iná tí kì í yẹ̀. Ó ń pààrọ̀ wáyà gígùn àti kúkúrú, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọdún 1827 ni ìwé rẹ̀ jáde, àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ọdún 1841 ni Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá. Nǹkan bí àsìkò yẹn náà ni James Joule, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé tí kọ́rẹ́ntì inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru rẹ̀ máa ń dà.

Òfin méjèèjì yìí ló ṣàlàyé háàfù kọ́rẹ́ntì tó ń dá aṣọ dúró láìlọ̀. Tí iná àdúgbò bá já sí fóltì 150, ìdènà áyọ́ọ̀nù ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. 150 tí a fi 53 pín jẹ́ áḿpù 2.83, ká fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 425 péré ni. Fóltéèjì ò tíì já dé ìdajì, síbẹ̀ ooru ti kéré sí ìdajì.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń dáàbò bo ẹ̀mí gan-an ni ìdí inverter. Wáàtì 1000 kan náà, tó bá jẹ́ bátìrì fóltì 12 ló ń gbé e, áḿpù 83 ló ń fà, ká má tíì ka èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ká ní ìdènà wáyà àti ojú ìsopọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀mù 0.01 péré: 83 lọ́nà 83 lọ́nà 0.01 jẹ́ wáàtì 69, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru. Lórí bátìrì fóltì 48, áḿpù 21 ni, ooru ò sì ju wáàtì 4 àti díẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀tì kan tí wọn ò dì le lórí bátìrì ti tó láti fi kún ìdènà náà: ara wáyà pupa á máa ṣú sí búráùn, rọ́bà rẹ̀ á máa rọ̀, òórùn rọ́bà jíjó á sì gba yàrá. Wáyà tín-ín-rín tó tó fún gílóòbù ò tó fún iṣẹ́ yìí rárá.

Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ààlà. Fíùsì tó tóbi jù nínú rẹ̀ jẹ́ áḿpù 13. Lórí fóltì 230, wáàtì 2990 nìyẹn. Kẹ́tùlù oníná tó jẹ́ wáàtì 2000 pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù kan lórí ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan ti dé ibẹ̀. Fíùsì tó jó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀ ti mú ohun kan ṣoṣo tó lè já kí ilé tó jó kúrò níbẹ̀.

Fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí mọ́tò inú wọn ń fa kọ́rẹ́ntì púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù dáadáa fi lè kú bí fíríìjì bá tàn.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń bá yín to inverter, ẹ bi í pé áḿpù mélòó ni yóò máa gba inú wáyà bátìrì náà, mélòó ni wáyà tó rà lè gbé, àti pé fíùsì wo ló fi sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ẹ ní kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.