Ríra Oúnjẹ ní Àpò-Àpò: Níbo ni Èrè Rẹ̀ Wà?

Nígbà tí oṣù Kejìlá bá wọlé, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọjà Kàbà a máa kún fún àpò. Ẹ̀wà a máa ti Òkè Ọya gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà àti Ọbàjànà wọlé. Iṣu àti ẹ̀gúsí a máa ti inú oko àwọn Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà jáde. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kan máa ń dìde láàrin tọkọtaya nínú ọ̀pọ̀ ilé olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba: ṣé kí á kó owó tí ó wà lọ́wọ́ lé oúnjẹ tí yóò gbé ilé dé àárín ọdún, tàbí kí á máa ra múdù kan, múdù méjì, bí owó oṣù bá ti ń wọlé?

Àwọn tí ó fara mọ́ ríra àpò a máa sọ pé ẹni tí ó ń fi múdù ra oúnjẹ ní oṣù Keje ń san owó ìyà. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn a máa dáhùn pé kòkòrò kì í jẹ múdù kan tí a sè ní ọjọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n ó lè jẹ àpò kan tán mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Òtítọ́ ni ìhà méjèèjì ń sọ. Ibi tí àríyànjiyàn náà ti ń di ariwo lásán ni pé ìhà méjèèjì gbà pé ọjà ni èrè náà wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ọjà ń fúnni ni ààyè láti jèrè. Inú ilé, nínú àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ni a ó ti mọ̀ bóyá èrè wà tàbí kò sí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà ní ọdún 1984 kò lè gbàgbé bí àwọn ènìyàn ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nítorí wàrà, ṣúgà, ìrẹsì àti òróró, àti bí àwọn sójà ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti ń ṣí ilé ìkẹ́rù àwọn oníṣòwò tí wọ́n kó ọjà pamọ́, tí wọ́n sì ń ta ohun tí ó wà níbẹ̀ ní iye tí ìjọba dá. Láti ìgbà náà ni etí àwọn kan kò ti fẹ́ gbọ́ pé a kó oúnjẹ pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó ọjà pamọ́ kí ó lè wọ́n fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìyá tí ó kó ẹ̀wà pamọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí i jẹ. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀kun ti ń kó oúnjẹ sí àká àti sórí àjà tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba kankan tó dá iye owó ọjà.

Ìdí tí iye owó fi ń lọ sókè sódò kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya ń kórè ẹ̀wà láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò owó lójú ẹsẹ̀, nítorí náà wọ́n ń tà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń rọjú. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tí wọ́n ti san owó ilé ìkẹ́rù, tí kòkòrò sì ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣu pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀: ó pọ̀ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní, ó sì ń wọ́n kí iṣu tuntun tó jáde. Epo pupa ní tirẹ̀ kò bá wọn rìn, torí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, ni ẹyìn ń pọ̀. Ẹni tí ó bá ra ohun gbogbo ní oṣù Kejìlá, kìkì nítorí pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ra epo ní ìgbà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Iye tí a fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà. Àpẹẹrẹ lásán ni. Bí àpò ẹ̀wà tí ó jẹ́ kílò 100 bá jẹ́ ₦100,000 ní oṣù Kejìlá, tí ó sì di ₦150,000 ní oṣù Keje, ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó tètè rà á ti jèrè ₦500 lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá ba kílò 30 jẹ́, kílò 70 ni ó rà ní ₦100,000, ìyẹn bí ₦1,430 fún kílò kan. Èrè náà ti dín kù sí ₦70. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó yá owó náà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,000, kílò kan ti lé ní ₦1,570. Ìbá sàn kí ó ti dúró di oṣù Keje. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lè gbé èyí síwájú kíláàsì rẹ̀, nítorí pé kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀wà kíkòkòrò.

Ohun tí ó kàn ni ìwọ̀n ilé. Ilé ènìyàn méje tí ó ń se ẹ̀wà ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó sì ń lo kílò kan lẹ́ẹ̀kan, yóò jẹ kílò 100 fún ọ̀sẹ̀ 33, ìyẹn láti oṣù Kejìlá títí wọ inú oṣù Keje. Àpò kan bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu rẹ́gí. Ilé tí ó ń se é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò jẹ ẹ́ fún ohun tí ó sún mọ́ ọdún méjì, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ ra odidi àpò. Ìyàwó ilé tí kò tíì mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè fi agolo kan náà wọn oúnjẹ fún oṣù kan, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Nǹkan mìíràn tún wà tí ìṣirò kì í rántí: ojú tí ó rí àpò kì í bu oúnjẹ bí ojú tí ó rí múdù. Ọwọ́ a máa lawọ́, àlejò a máa pọ̀, àwọn ará ilé a sì máa gbọ́ pé oúnjẹ wà. Ní ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń jẹun tì ará rẹ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó yẹ kí á fi ìpín àlejò kún ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti òṣùwọ̀n, ìlú Yorùbá ni Kàbà, ṣùgbọ́n múdù ni wọ́n ń fi wọn ọkà níbẹ̀, kì í ṣe kóńgò bíi ti Ìbàdàn. Kò yani lẹ́nu, nítorí abẹ́ ìjọba Àríwá ni ilẹ̀ Ọ̀kun wà títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara sílẹ̀, kí ó tó bọ́ sínú ìpínlẹ̀ Kogí ní ọdún 1991. Múdù tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kì í kún bí ó ti yẹ. Àpò pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀: kì í ṣe gbogbo àpò tí wọ́n pè ní kílò 100 ni ó wọn bẹ́ẹ̀ lórí ìwọ̀n, ẹ̀wà tí ó wà lẹ́nu àpò sì lè dára ju ti ìdí lọ. Ẹni tí ó bá sọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ jẹ́ kí n wo ìdí rẹ̀,” kò ṣe àfojúdi. Kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, kí ó wá ihò roboto, kí ó sì wá àmì funfun kékeré lára èèpo. Ẹyin kòkòrò ni àmì náà.

Kòkòrò yìí kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti inú ilé. Láti oko ni ó ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Abo kan lè yé ẹyin tí ó tó 100. Ọmọ rẹ̀ a lu èèpo wọlé, a sì máa jẹ inú ẹ̀wà láìsí ẹni tí ó rí i, títí yóò fi di àgbà tí yóò sì jáde. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà ooru. Bí a bá ní abo mẹ́wàá péré ni ó yè nínú ọmọ abo kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan yóò di 10 ní oṣù kìíní, 100 ní oṣù kejì, 1,000 ní oṣù kẹta, àti 10,000 ní oṣù kẹrin. Ìdí nìyí tí àpò tí ó mọ́ tónítóní ní oṣù Kejìlá fi lè di ìyẹ̀fun ní oṣù Karùn-ún, tí onílé yóò sì máa bú ẹni tí ó tà á fún un.

Ìbẹ̀rù kòkòrò yìí ni ó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú ohun tí ó burú jù ú lọ. Àwọn kan ń da dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, sórí ẹ̀wà tí wọn yóò jẹ. Oògùn náà a máa ba iṣan-ara jẹ́. Ohun tí ó fi ń pa kòkòrò náà ni ó fi ń pa ènìyàn, kò sì mọ ọmọ yàtọ̀ sí kòkòrò. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí oògùn yìí tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC gbógun ti ìgò rẹ̀ kékeré, kí wọ́n má baà máa tà á káàkiri ọjà. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ ní òkè òkun kò yẹ kí ó jẹ́ oúnjẹ ọmọ ilé ìwé ní Kàbà. Bí ẹ̀wà bá ń rùn bí oògùn, kí olúwarẹ̀ má rà á, bí ó ti wù kí ó rọjú tó.

Ọ̀nà tí kò ní májèlé wà, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ti pẹ́. Àwọn ìyá àtijọ́ a máa gbé ẹ̀wà tí kò tíì kúrò nínú èèpo sórí àjà ibi tí èéfín ti ń dé, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ eérú. Òróró ẹ̀pà pẹ̀lú, bíi mílílítà 5 fún kílò ẹ̀wà kan, tí a fi ra á dáadáa, kì í jẹ́ kí ẹyin kòkòrò pa. Ní ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ará Kamẹrúùnù lórí àpò onípele mẹ́ta tí a mọ̀ sí PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò líle kan lóde. Kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Nígbà tí kò bá rí èyí tí ó tó mọ́, kò ní jẹun, kò ní bí, yóò sì kú.

Ẹni tí kò bá rí àpò náà lè fi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì kan ń gba nǹkan bíi kílò 20, nítorí náà márùn-ún ni yóò gba àpò kan. Kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó gbẹ, kí ó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi gbé oògùn tàbí epo bẹntiróòlù rí. Kí ẹ̀wà pẹ̀lú gbẹ dáadáa. A ó rọ ọ́ kún dé ọrùn, a ó máa mì í kí ó lè fi ara mọ́ra, a ó sì dé e pinpin. Àwọn tí ń ṣí i lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ti bàjẹ́ ni àwọn tí ó ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, torí pé afẹ́fẹ́ tuntun ni wọ́n ń fún kòkòrò. Ọ̀kan ni kí á ṣí, kí á jẹ ẹ́ tán, kí á tó ṣí èkejì.

Iṣu kò gbọdọ̀ rí irú ìtọ́jú yìí rárá. Ohun alààyè ni iṣu, ó ń mí. Bí a bá dì í sínú àpò tàbí tí a tò ó jọ sínú ilé ìdáná gbígbóná, yóò rà. Abẹ́ ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni ààyè rẹ̀. Kí á má ra èyí tí ọkọ́ ti ṣá, kí á sì máa ká ọ̀mùnú rẹ̀ kúrò ní gbàrà tí ó bá yọ, nítorí ara iṣu ni ọ̀mùnú ń jẹ. Síbẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu láti ra iṣu tí yóò kọjá oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tí ó bá kù sàn kí á sọ ọ́ di èlùbọ́ nígbà tí oòrùn ṣì mú.

Ẹ̀gúsí ń pẹ́ nínú èèpo rẹ̀ ju èyí tí a ti bó lọ. Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó bá ti hu olú kò ṣe é fọ̀ kí á sì jẹ, nítorí májèlé aflatoxin. Májèlé yìí ni ó pa tòlótòló tí ó lé ní 100,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe. Epo pupa ń fẹ́ ibi òkùnkùn tí ó tutù. Iyọ̀ kì í bàjẹ́, ìyẹn ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ: ayodíìnì inú rẹ̀, tí ó ń dènà gẹ̀gẹ̀, a máa fò lọ bí a bá ṣí àpò rẹ̀ sílẹ̀ sí ọ̀rinrin.

Ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó àpò kò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ lọ yáwó. Olùkọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá owó jọ láti oṣù Kẹsàn-án bí wọ́n ti ń dá èésú, kí wọ́n sì jọ ra àpò kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọdún 1844. Owó wọn kéré, àwọn oníṣòọ̀bù sì ń lú ìyẹ̀fun, wọ́n ń ṣe màgòmágó nínú òṣùwọ̀n. Wọ́n wá fi ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà óòtì àti àbẹ́là bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ó máa ń tú irú àjọrà bẹ́ẹ̀ ká kì í sábà jẹ́ owó, bí kò ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń pín in, nígbà tí ẹnì kan bá gba ìdí àpò. Kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, kí wọ́n rò ó pọ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn, kí olúkúlùkù sì rọ tirẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ náà sí i lára kí ó tó gbé e lọ sílé.