Iṣan Ńlá Inú Ikùn àti Ọ̀nà Tí A Fi Ń Tún Un Ṣe Láìla Ikùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, bí àgbàlagbà ọkùnrin bá ṣubú lójijì ní agbègbè wa yìí, tí ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ayé ló ṣe é. Àwa tí a máa ń sin òkú mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń tú ẹbí ká. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí í pani bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí a sì lè rí kí ó tó pani.

Aorta ni iṣan ńlá tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn gba àyà àti ikùn kọjá. Nínú ikùn, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ọjọ́ orí, sìgá mímu, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àjogúnbá lè sọ ara iṣan náà di aláìlágbára, yóò sì wú. Ẹni tí ó bá ti ra táyà tòkunbọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ rí yóò mọ ohun tí à ń wí: táyà yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yí lọ láìfọhùn, títí ọjọ́ tí yóò bẹ́. Bí iṣan yìí bá bẹ́, ọ̀pọ̀ kì í dé ilé ìwòsàn láàyè, kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹni tí ó ní láti la gbogbo ibùdó àyẹ̀wò ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá kí ó tó dé Èkó.

Albert Einstein, onímọ̀ ńlá nì, ní irú àìsàn yìí. Ní 1948, dókítà Rudolph Nissen fi ọ̀rá sẹloféènì wé iṣan náà fún un. Ó bẹ́ ní 1955. Einstein kọ̀ kí wọ́n tún la òun, ó sì kú ní ẹni ọdún 76.

Ní 1990, Juan Parodi ní Buenos Aires gba ọ̀nà mìíràn. Ojú ihò kékeré níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ni a ń gbà wọlé. A ó fi wáyà tínínrín tọ iṣan gòkè, X-ray yóò máa fi ọ̀nà hàn, a ó sì ti stent wọlé ní kíká: páìpù aṣọ tí irin wẹ́wẹ́ gbé ró, tí ó sábà ń ní ẹsẹ̀ méjì bíi ṣòkòtò. Bí ó bá débẹ̀, yóò là, yóò di òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ó wú mú. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì ní ti ara iṣan tí ó wú náà mọ́.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Bìrìtìkó ní 2004, àwọn tí ó kú láàárín 30 ọjọ́ kò tó 2 nínú 100. Láàárín àwọn tí wọ́n la ikùn wọn, wọ́n súnmọ́ 5. Àǹfààní yẹn kò wà títí ayé, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa jò sẹ́yìn stent, nítorí náà àyẹ̀wò kò ní dẹ́kun. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo iṣan ni ó gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún tí ọkùnrin bá pé 65, NHS a máa kọ lẹ́tà pè é fún àyẹ̀wò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Níhìn-ín kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún náà ni a fi ń wò ó. Kí ọkùnrin tí ó ti lé ní 65, pàápàá ẹni tí ó ti mu sìgá rí, sọ fún dókítà kí ó wọn aorta òun. Bí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà 3, a ó máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá tó 5.5, ọ̀rọ̀ àtúnṣe dé nìyẹn, kí àwọn arákùnrin rẹ̀ náà sì lọ ṣe àyẹ̀wò tiwọn.