Ẹ̀wà nínú ìkòkò oníná

Ẹ̀yin ará wa ní Lokongoma, torí gáàsì tó wọ́n, ìkòkò oníná tó ń há ooru mọ́nú ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà wá. Fún ẹ̀wà, "Bean" ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe "Rice". Ẹ̀wà àti omi kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò, kó má baà wú dí ihò ooru.

Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? A kúkú mọ ilé wa! Jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" kò lè gbé e, torí púpọ̀ nínú ìkòkò wọ̀nyí ń jẹ tó 1,000 wọ́ọ̀tì. Ẹ má sì fipá ṣí i: omi inú rẹ̀ gbóná ju omi híhó lọ. Ẹ dúró títí irin kékeré orí ọmọrí yóò fi wálẹ̀.