Adágún tí kò nísàlẹ̀: òótọ́ àbí irọ́?

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò tó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́.

“Ilé àti dánfó nìkan ló wà ní Alímọ̀ṣọ́, àfi kéèyàn dé Lẹ́kì kó tó rí igbó àti omi.” Irọ́ ni. Lápá ẹ̀yìn Ìgándò, lọ́nà ààlà Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn, odò Owo wà níbẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Ologe. Omi rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ omi Ìṣàsì ń fà. Ó dùn mí gan-an pé àwọn ọmọ wa mọ orúkọ gbogbo etíkun Lẹ́kì, wọn ò sì mọ orúkọ odò tó wà lẹ́yìnkùlé wọn.

“Adágún Ìyàkẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè kò nísàlẹ̀, méjì irú ẹ̀ péré ló sì wà láyé.” Irọ́ ni méjèèjì. Ẹ gba Ṣàngó àti Abẹ́òkúta forí lé ọ̀nà Ìsẹ́yìn, kẹ́ ẹ lọ fojú ara yín rí i. Àtẹ̀gùn 369 lẹ máa gùn. Ibì kan wà lókè níbẹ̀ tó há tó fi jẹ́ pé Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run ni wọ́n ń pè é. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀. Ní ti adágún náà, àpáta ló jìn bíi kòtò, tí omi òjò dúró sínú ẹ̀, tí kò sì ráyè jò lọ. Àpáta yẹn gan-an ni ìsàlẹ̀ adágún náà.

Èkejì tí wọ́n máa ń dárúkọ ni Hanging Lake ní Colorado, l'Amẹ́ríkà. Omi tó ń já bọ́ látòkè ló ń bọ́ ìyẹn, ohun funfun bí ẹfun tí omi náà ń gbé wá ló sì dì, tó di bèbè rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni tiwọn, ọ̀tọ̀ ni tiwa. Adágún orí òkè pọ̀ láyé. Òkè Kẹ́ńyà nìkan ní ọ̀pọ̀. Àmọ́ ẹ má lúwẹ̀ẹ́ ní Ìyàkẹ́ o: etí àpáta ń yọ̀, àwọn ará ìlú sì ń bọ̀wọ̀ fún omi náà.

“Omi gbígbóná àti omi tútù Ìkọ́gòsì ń pàdé, wọn kì í dàpọ̀.” Wọ́n ń pàdé lóòótọ́, ẹ sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn níbi ìpàdé yẹn. Àmọ́ ẹ rìn síwájú díẹ̀, wọ́n ti dàpọ̀, omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn tó sì ń sọ pé òyìnbó ajíhìnrere ló ṣàwárí rẹ̀, irọ́ gbáà ni: àwọn ará Ìkọ́gòsì ti wà nídìí omi wọn kí òyìnbó kankan tó débẹ̀.